Ẹṣin Kan Náà, Gàárì Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ṣé Ó Yẹ Kí Ẹ Fi Owó Kún Owó Torí Jíìpù Full Option?

Lẹ́yìn ìrun Àílà lọ́jọ́ Sátidé kan ni Àlàájì tí a jọ ń kírun ládùúgbò wa ní Tanke pè mí lórí fóònù. Wọ́n ti wà níbi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò. "Àbúrò, jíìpù méjì ló wà níwájú mi yìí. Lexus RX 350 ni méjèèjì, 2017 ni méjèèjì, funfun ni méjèèjì. Wọ́n ní ọ̀kan lásán ni, wọ́n ní èkejì ni full option, F Sport. Owó tó fi ju ìkíní lọ tó owó mọ́tò kékeré tí mo fẹ́ rà fún Rukayat. Kí ni mo fẹ́ fi owó yẹn rà gan-an?"

Mo ní kí wọ́n má tíì san kọ́bọ̀, mò ń bọ̀. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí yẹn, ẹ̀yìn tí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ wa máa ń bèèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀dọ̀ ẹṣin wọ ọ̀rọ̀ náà. Ìlọrin la wà, ìlú tí oríkì rẹ̀ sọ pé ẹṣin leégún ilé baba wọn. Ẹni tó bá ti dúró wo àwọn ẹlẹ́ṣin rí lásìkò Iléyá mọ̀ pé ẹṣin tí wọ́n da aṣọ aláràbarà bò, tí ìjánu rẹ̀ ń dán, tí gàárì rẹ̀ jẹ́ awọ oníṣẹ́ ọnà, lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú èyí tí ọmọdé kan gùn wá láìsí gàárì. Ẹ tú gbogbo ẹ̀ṣọ́ yẹn kúrò lára wọn, ẹsẹ̀ mẹ́rin náà ni, àyà kan náà ni. Bí àwọn tó ń ṣe mọ́tò ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n á kan ẹ́ńjìnì kan, gíà kan, ara kan, wọ́n á wá dì í ní gàárì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kálukú pẹ̀lú orúkọ àti owó tirẹ̀. Toyota ń pe ti Highlander ní LE, XLE, Limited, Platinum. Lexus ń pe ti RX ní Premium, Luxury, F Sport. "Full option" ní tirẹ̀ kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ kankan sọ ọmọ rẹ̀. Orúkọ ọjà ni, ẹni tó ń tà ló sì mọ ohun tó ní lọ́kàn.

Àwọn jíìpù méjì tó wà níwájú Àlàájì, ẹ́ńjìnì V6 (ìyẹn onísílíńdà mẹ́fà) onílítà 3.5 kan náà ló wà nínú wọn, gíà oníipele mẹ́jọ kan náà, agbára ẹṣin 295 fún méjèèjì. Àpò afẹ́fẹ́ tó ń yọ nígbà ìjàǹbá, mẹ́wàá mẹ́wàá ni. Kámẹ́rà ẹ̀yìn wà nínú méjèèjì. Ẹ̀yin tó ń ra ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ò tiẹ̀ ní láti bèèrè ìyẹn mọ́, torí láti oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni òfin Amẹ́ríkà ti pa á láṣẹ pé gbogbo mọ́tò tuntun gbọ́dọ̀ ní kámẹ́rà ẹ̀yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ka kámẹ́rà mọ́ ìdí tí mọ́tò 2019 rẹ̀ fi wọ́n, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ máa ná an lọ.

Àmọ́ o, ìgbà mìíràn wà tí ẹṣin fúnra rẹ̀ máa ń yí padà lábẹ́ orúkọ. Ibẹ̀ ló yẹ kí ojú yín là sí. Highlander 2014 sí 2016, LE rẹ̀ lè jẹ́ onílítà 2.7 tó ní sílíńdà mẹ́rin, agbára ẹṣin 185, ó sì lè jẹ́ V6 tó ní 270. Àwọn kan máa ń sá fún V6 torí epo, pàápàá láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò, tí gbogbo wa ń ṣírò lítà bí ẹni ń ṣírò zàkáà. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó sá. Níbi ìdánwò ìjọba Amẹ́ríkà, gálọ́ọ̀nù kan gbé sílíńdà mẹ́rin náà rin máìlì 22, ó sì gbé V6 tí kì í fi táyà ẹ̀yìn wakọ̀ rin 21. Láti Ìlọrin dé Èkó, tó tó nǹkan bí kìlómítà 300, ìyàtọ̀ wọn kò tó lítà méjì. Ẹ wá fi ìyẹn wé ohun tí ojú ń rí nígbà tí èèyàn méje bá wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù àti AC, tí trélà sì wà níwájú tí ẹ fẹ́ ya á. Owó V6 kì í ṣe owó gàárì.

Lẹ́tà kékeré náà máa ń tan èèyàn jẹ. RX 350L tó jáde fún ọdún 2018 ní ìjókòó ìlà kẹta, ara rẹ̀ sì gùn ju RX 350 lọ. Ẹṣin mìíràn nìyẹn, kì í ṣe gàárì. Ti Mercedes wá yàtọ̀ pátápátá. AMG Line tó wà lára GLE, jíìpù wọn, jẹ́ bọ́ńpà, ríìmù àti aṣọ inú. Ẹ́ńjìnì AMG gidi, èyí tó lágbára jù, wà lọ́tọ̀, ìnáwó rẹ̀ náà wà lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni BMW: X5 tí wọ́n wọ M Sport fún àti X5 M kì í ṣe ẹgbẹ́, ọ̀kan wọ aṣọ ni, èkejì ní ẹ́ńjìnì tirẹ̀.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, Àlàájì ti jókòó sínú F Sport náà, ọwọ́ wọn wà lórí sítíà, inú wọn ń dùn. Mo ní kí wọ́n jáde, kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ táyà ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni gàárì tó ga máa ń pa èèyàn lára jù ní ìpínlẹ̀ wa yìí. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára rọ́bà. Jíìpù tí wọ́n ní lásán ni yẹn, 235/65R18 ni wọ́n kọ sára táyà rẹ̀. 235 ni ìbú táyà ní mìlímítà. 65 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ ìdá 65 nínú 100 ìbú yẹn. 18 ni ríìmù, ní ínṣì. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rọ́bà láti ríìmù dé ilẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 153. Ti F Sport jẹ́ 235/55R20, ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ jẹ́ 129. Tí ẹ bá to táyà méjèèjì síra wọn lórí ilẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ga bákan náà. Irin ló fẹ̀ sí i, tó gba àyè rọ́bà. Rọ́bà tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò yín ti kúrò láàárín irin àti kòtò.

Ní ìlú tí títì rẹ̀ tẹ́ bí orí tábìlì, ìyẹn lè má jẹ́ nǹkan kan. Ẹ wá gbé e gba ọ̀nà Jẹ́bbà, tàbí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ nínú òjò nígbà tí omi bo kòtò tí ẹ ò mọ bó ṣe jìn tó. Èmi alára ti jókòó sẹ́bàá títì rí lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ríìmù 20 tí etí rẹ̀ ti tẹ̀ bí etí àwo alumíní tí ọmọdé jókòó lé. Fọkanáísà tó wá wò ó fọwọ́ yí i kiri, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, táyà yín ò ṣe nǹkan kan. Irin yín ni kò mọ ọ̀nà." Táyà 20 wọ́n ju 18 lọ, kì í sì í sí ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta táyà. Tó bá bẹ́ sí yín lọ́wọ́ ní Ọmù-Àrán ní alẹ́ Àìkú, ẹ lọ wá ibi sùn.

Ohun kejì ni ohun tó ń gbé mọ́tò dúró. Àwọn jíìpù kan wà tó jẹ́ pé orí afẹ́fẹ́ ni wọ́n dúró lé, kì í ṣe orí sípírìńgì irin. Àwọn Range Rover ńlá máa ń ní i, àwọn Mercedes tí wọ́n fi Airmatic kún, àti ẹ̀yìn Lexus GX 460 tó jẹ́ ipele Luxury láti ọdún 2014. Àpò rọ́bà ló wà níbi táyà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kékeré kan ló sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú wọn. Ó dùn ún gùn, n kò ní purọ́. Àmọ́ rọ́bà ni rọ́bà. Oòrùn àti eruku á jẹ ẹ́, á sán, afẹ́fẹ́ á máa jò díẹ̀díẹ̀ lóru. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ẹ kò ní sinmi mọ́, torí ohun tó ń jò ló ń gbìyànjú àtikún, títí òun náà á fi jóná. Mo ra ọ̀kan bẹ́ẹ̀ nígbà kan, jíìpù ilẹ̀ Yúróòpù. Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo jáde sí i, mo bá a tó kúnlẹ̀ sílẹ̀ bíi ràkúnmí. Àwọn ọmọ àdúgbò rò pé mo fẹ́ di ẹrù lé e ni. Mẹkáníìkì bá mi yọ gbogbo rẹ̀ dànù, ó fi sípírìńgì sí i. Láti ọjọ́ náà títí mo fi tà á, iná ìkìlọ̀ kan kò kú lójú dásíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá mi rà á náà rí i, ó sì yọ owó rẹ̀ kúrò.

F Sport tí Àlàájì ń wò kò ní afẹ́fẹ́. Ohun tí F Sport gidi ní ni ṣọ́ọ̀kì tó ń gba àṣẹ lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà, tó ń le, tó ń rọ̀ bí ọ̀nà bá ṣe rí. Nígbà tó bá kú, kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì lásán tí ẹ máa rà lówó pọ́ọ́kú lẹ máa fi rọ́pò rẹ̀.

Òrùlé tó ń ṣí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Páìpù tín-ín-rín wà ní igun rẹ̀ tí omi òjò ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀ mọ́tò. Ọyẹ́ á kó eruku sí i láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kejì, ewé igi á bá a, òjò àkọ́rọ̀ á dé, omi á wá ọ̀nà mìíràn gbà, orí yín ló máa gbà. Bí mọ́tò tí ẹ fẹ́ rà bá ní i, ẹ ṣí i, ẹ da omi ife kan sójú ọ̀nà omi rẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ mọ́tò. Tí omi ò bá kán sílẹ̀ nítòsí táyà, ẹ wo aṣọ òkè inú mọ́tò bóyá ó ní àbàwọ́n bíi ti tíì.

Ìjókòó tó ń gbóná náà wà nínú ohun tí wọ́n ń ka owó lé. Ẹni tó bá ń gbé Ìlọrin ní oṣù kẹta, tó tún fẹ́ kí ìdí òun gbóná sí i, n kò mọ ohun tí mo lè bá a sọ.

Ṣé gbogbo gàárì wá jẹ́ ìfowóṣòfò ni? Rárá o. Àwọn kan wà tí mo máa sanwó fún. Ìjókòó tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù jáde látinú awọ jẹ́ ọ̀kan, ìyẹn ò sì ṣe é fi kún mọ́tò lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á tán láìná owó ńlá. Iná iwájú tó ríran dáadáa jẹ́ òmíràn fún ẹni tó ń rìn lóru láàárín Àjàṣẹ́-Ìpo àti Ọmù-Àrán, níbi tí màlúù àti ọ̀kadà tí kò ní iná ti jọ ń bá yín pín títì. Dígí ẹ̀gbẹ́ tó ń tan iná kékeré nígbà tí ọkọ̀ bá wà níbi tí ojú yín ò dé, ó ti gbà mí lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ márúwá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. AC ìlà ẹ̀yìn ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń gbé ìyá àgbà àti ọmọ wẹ́wẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó dára, ẹ má tẹ́tí sí ẹnu ẹni tó ń tà á. Ẹ jókòó sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú oòrùn, kí ẹ gbé ọwọ́ síwájú ihò atẹ́gùn.

Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń fà pọ̀, ẹni tó ń re ilé nínú òjò lọ sí òkè Ọ̀bbò tàbí Ìlọ́fà, tó ń gun ẹrẹ̀ pupa, lè nílò rẹ̀. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò ju Fate sí Post Office lọ ń gbé irin àti epo gíà kún inú ni.

Àwọn mìíràn wà tí kò yẹ kí ẹ sanwó gàárì lé lórí rárá, torí àwọn rẹwáyà ìlú yìí lè bá yín fi sí i: ojú ìwòran ńlá, kámẹ́rà sí mọ́tò àtijọ́, sipíkà, awọ ìjókòó. Máàpù tó wà nínú dásíbọ́ọ̀dù mọ́tò tó ti Amẹ́ríkà wá, Texas ló mọ̀, kò mọ Gẹ̀rí-Àlímì.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un: tòkunbọ̀ ni mò ń sọ. Ẹni tó bá ń ra tear rubber, tí ilé iṣẹ́ ṣì ń dúró fún un tí nǹkan bá bàjẹ́, ìṣirò tirẹ̀ yàtọ̀. Gàárì tuntun ló ń rà. Ẹni tó ra RX yẹn ní 2017 ló san owó gàárì náà, òun ló sì gbádùn rẹ̀. Ohun tó dé ọwọ́ wa ni ẹ̀rọ kéékèèké tó ti ń ṣí, tó ti ń pa láti ọdún náà wá, sẹ́nsọ̀ inú bọ́ńpà tó ṣeé ṣe kí ìjàǹbá ti fọ́ rí, awọ tó ti gbẹ. Gàárì a máa tètè gbó ju ẹṣin lọ. Èyí ló fi jẹ́ pé bí mo bá ní láti yan ọ̀kan, ipò tí mọ́tò wà ni màá yàn, màá fi orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí wọ́n rí òun níbi ìnáwó, tó lówó rẹ̀, kó rà á. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Kó ṣá má pe ìyẹn ní ìtọ́jú owó.

Ó wá ku ohun tó dá ọ̀rọ̀ Àlàájì sí méjì. Mo ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà F Sport náà. Lára òpó irin tí ilẹ̀kùn ń pa mọ́, ìwé kékeré kan máa ń wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́. Wọ́n á kọ iye afẹ́fẹ́ táyà sí i, wọ́n á sì kọ irú táyà tí mọ́tò náà wọ̀ nígbà tí wọ́n kàn án. Táyà 20 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìwé náà ní 235/65R18.

Mo pe Àlàájì kí wọ́n wá kà á. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń tà á ní bóyá ìwé náà ló ṣì. Mo wá ka nọ́ńbà ṣáàsì tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, igun apá òsì. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, 2T2 ló sì bẹ̀rẹ̀ bíi ti ọ̀pọ̀ RX tí wọ́n kàn ní Cambridge, ní Ontario ní Kánádà. Ìkẹwàá rẹ̀ ló ń sọ ọdún: A ni 2010, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ dé G tó jẹ́ 2016 àti H tó jẹ́ 2017. Wọ́n fo I, wọ́n mú J fún 2018. H ló wà níbẹ̀, ọdún kò parọ́. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ sórí fóònù níbi tí NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú ọ̀nà, ti ń jẹ́ kéèyàn yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí F Sport nínú ohun tó gbé jáde. Ìyẹn nìkan ò tó ẹ̀rí, torí kì í ṣe gbogbo gàárì ló máa ń hàn níbẹ̀. Ìwé ẹnu ọ̀nà yẹn ni mo gbára lé. RX lásán ni wọ́n wọ ríìmù 20 fún, wọ́n yí gíríìlì iwájú rẹ̀ padà, wọ́n sì lẹ F SPORT mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò yàtọ̀ sí RX 2010 tí wọ́n ń wọ ojú 2015 fún káàkiri, tí wọ́n ń pè ní upgrade. Àwọn tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín kí ẹ tó rà á ò ṣẹ̀ yín. Àwọn tó dákẹ́ ni.

Ẹni tó ń tà á gbé ẹ̀rín sẹ́nu. "Àlàájì, bó ṣe dé láti Kútọnù ni mo ṣe ń tà á."

A padà sídìí èyí tí wọ́n ní lásán ni. Mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìtẹ bíréèkì, kí ẹ́ńjìnì má baà ta, gbogbo iná ìkìlọ̀ tàn, ti àpò afẹ́fẹ́ náà tàn, lẹ́yìn náà ó kú. Iná àpò afẹ́fẹ́ tí kò tàn rárá ni kí ẹ bẹ̀rù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀. A gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ yẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò, ó ní kí Àlàájì ná an. Nínú owó tí wọn ò ná sórí F Sport, wọ́n pààrọ̀ epo gíà, bíréèkì, bátìrì àti táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó kù, wọ́n fi kún ti Rukayat.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Ọ̀fà, mo sì wà níwájú. Ìyàwó wọn wo òkè mọ́tò títí, wọ́n ní, "Ṣebí èyí tí ẹ kọ́kọ́ fi fótò rẹ̀ hàn mí, òrùlé rẹ̀ ń ṣí?"

Àlàájì ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Ìyá Rukayat, òrùlé ilé wa gan-an ń jò. O tún fẹ́ kí n ra èyí tó ní táyà?"